Ọjọ́ Tí Iná Pulọ́ọ̀gì Gbé Mi Níṣojú Bàbá Ìyàwó Mi

Owó tí wọ́n ń ta pulọ́ọ̀gì mọ́tò kan lónìí, nígbà tí mo jáde yunifásítì, ì bá ra gbogbo pulọ́ọ̀gì inú ṣọ́ọ̀bù, ì bá ra ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀, ì bá sì ṣẹ́ kù. Ìwà òmùgọ̀ nìkan ni owó rẹ̀ ò yí padà. Ọ̀fẹ́ ni nígbà náà, ọ̀fẹ́ ni di òní.

Ní ìparí àwọn ọdún 1970, tíṣà ni mí ní Ifọ̀, mo sì ń tọrọ ọmọ bàbá kan tí kò tíì fún mi lésì. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó ní kí n fi mọ́tò òun tuntun gbé òun lọ sí Ibafo. Mo mọ̀ pé ìdánwò ni. Mọ́tò náà kú sí Mowe.

Mẹkáníìkì kan wà lábẹ́ igi létí ọ̀nà. Ó fa wáyà pulọ́ọ̀gì kan yọ, ó ní kí n ta ẹ́ńjìnnì kí òun fọwọ́ wò ó bóyá iná ń wá. Bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe é nìyẹn. Iná mọ́tò àtijọ́ kì í ju kó ta ni bí ìjàlọ. Ẹni tí kò bá lè dì í mú, wọn ò kà á sí ọ̀gá.

Mo dá a dúró. Mo mú ìwé tó bá mọ́tò wá, mo kà á, mo túmọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń wàásù: iná elẹ́kitirọ́níìkì nìyí, ó lè pààyàn. Kí a pa kọ́kọ́rọ́ kí a tó fọwọ́ kan wáyà. Kí wáyà má sì wà láìso mọ́ pulọ́ọ̀gì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí, kí àpótí kékeré tó ń darí iná má baà jó. Bàbá ń mi orí pé òótọ́ ni. Mo ti ń rí ara mi níbi ìgbéyàwó.

Mẹkáníìkì wò mí. “Tíṣà, ìwé lẹ rí, ẹ ò tíì rí iná.”

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ṣe mí. Mo ní kí mẹkáníìkì lọ ta ẹ́ńjìnnì, mo gbá wáyà mú.

Iná gbé mi, ó sọ mí sáàárín àwọn táyà àlòkù. Àpótí kékeré náà jó. Inú mi dùn láti jẹ́rìí pé ìwé náà kò parọ́.

Bàbá wá jókòó tì mí láàárín àwọn táyà.

“Ìwọ lo ka ìkìlọ̀ yẹn?”

“Èmi ni, sà.”

“Ó sì yé ẹ?”

“Ó yé mi, sà.”

“Ó dáa. Ọmọ mi gbọ́n. Ọgbọ́n tiẹ̀ á tó ẹ̀yin méjèèjì.”

Bí mo ṣe rí ìyàwó fẹ́ nìyẹn, pẹ̀lú àdéhùn pé n kò ní ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́ láé.

Bàbá ti lọ. Mẹkáníìkì náà ti lọ. Iná kọ́ ló pa á, àtọ̀gbẹ ni. Nínú àwa tíṣà Ifọ̀ ìgbà yẹn, èmi àti ẹnì kan ló kù, òun ò sì dá mi mọ̀ mọ́. Ìyàwó mi ń bẹ.