Láàpútọ́ọ̀pù Tí Bàbá Mi Yàn Fún Mi

Òórùn lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń yọ́ sí ìdí wáyà ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, kí n tó rántí ooru inú ṣọ́ọ̀bù náà. Ìkìrun ló wà, kò jìnnà sí ibi tí àwọn ọkọ̀ Inísà ti ń já èrò sílẹ̀. Ọkùnrin tó ni ín máa ń tún kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ṣe, ó sì máa ń tà á. Nígbà náà, ó ku bí ọdún méjì kí a wọ ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun. Ilé ẹ̀kọ́ pólì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà mí láti kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, bàbá mi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, sì ti ta alùpùpù wọn kí n lè ní ẹ̀rọ tèmi. Ọkọ̀ èrò ni àwa méjèèjì wọ̀ láti Inísà. Ó ti rẹ̀ mí kí a tó débẹ̀, ìwọ náà mọ bí oòrùn ìlú wa ṣe máa ń mú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Láàpútọ́ọ̀pù méjì ló wà lórí tábìlì. Ọ̀kan ń lo Windows, àwòrán ni ohun gbogbo inú rẹ̀, èèyàn kàn máa tọ́ka sí èyí tó bá fẹ́ ni. Èkejì nípọn bíi Bíbélì orí pẹpẹ, DOS nìkan ló wà nínú rẹ̀, ojú dúdú, lẹ́tà funfun, o ní láti fọwọ́ ara rẹ tẹ àṣẹ kọ̀ọ̀kan kó tó dá ọ lóhùn. Owó wa ká èyíkéyìí nínú méjèèjì. Èmi sì ti mọ èyí tí mo fẹ́, torí akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Òkukù kan tó ti lo ọdún kan ní pólì ọ̀hún ti sọ fún mi pé Windows ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo iṣẹ́ wọn níbẹ̀, àti pé wọn kì í gba iṣẹ́ tí a bá fi DOS ṣe.

Ṣùgbọ́n bàbá mi ti kọ́ DOS. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ pé kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ lọ kọ́, wọ́n ti lọ yá ìwé àtijọ́ kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ wọn. Oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń jókòó sí ẹ̀yìnkùlé wa láràárọ̀, tí wọ́n ń da àwọn àṣẹ inú rẹ̀ kọ, láì tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí. Wọ́n á ní kí n di ìwé mú, kí n máa bi àwọn léèrè, wọ́n á sì máa kà á fún mi bí ọmọ kíláàsì kejì. Wọ́n ti ń múra láti jẹ́ olùkọ́ mi. Nígbà tí wọ́n tẹ àṣẹ àkọ́kọ́ ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, tí ẹ̀rọ náà to orúkọ fáìlì bẹẹrẹ sílẹ̀ lójú rẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín. N kò rí irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu wọn mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ọlọ́jà náà kò wò wọ́n, èmi ló kọjú sí. "Àbúrò, ìwọ lo máa lò ó. Èwo lo fẹ́?"

Bàbá mi náà yíjú sí mi. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa, ọmọ kì í ta ko bàbá rẹ̀ lójú àlejò, ìbáà tiẹ̀ mọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Mo wolẹ̀.

"Èyí tí Bàbá bá yàn náà ni."

Ọdún méjì ni mo fi jẹ ìyà gbólóhùn yẹn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo ti wà lórí ìlà níwájú yàrá kọ̀ǹpútà ilé ìwé, torí ẹ̀rọ ibẹ̀ kò kárí. Ẹsẹ̀ á máa ro mí, ìlà kò ní lọ, nígbà mìíràn wọ́n á mú iná lọ kó tó kàn mí. Láàpútọ́ọ̀pù tèmi sì wà lábẹ́ ibùsùn. Bí mo bá gbé e wálé nígbà ìsinmi, ìbéèrè bàbá mi ni pé, báwo ni ẹ̀rọ wa? Ẹ̀rọ wa ni wọ́n máa ń pè é. Mo máa ń ní ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, a ó sì jọ jókòó sídìí rẹ̀, wọ́n á máa tẹ àṣẹ wọn, inú wọn á máa dùn. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nígbà tó yá, n kò mọ ibi tí mo ti lè bẹ̀rẹ̀ òótọ́ mọ́, wíwá sílé gan-an wá ń rẹ̀ mí.

Nígbà ìsinmi kan, ìyá kan tó ń ta epo pupa wá láti Òkukù pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀. Pólì wa ti gba ọmọ náà, àwọn èèyàn sì ní kó wá gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ bàbá mi. Bàbá mi ṣàlàyé DOS fún un bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì. Wọ́n júwe ṣọ́ọ̀bù Ìkìrun, wọ́n ní kó ra irú tèmi gẹ́lẹ́, wọ́n sì ní bí kò bá dá a lójú, ọmọ àwọn rèé, kó bi í. Ìyá náà yíjú sí mi. Ọmọ rẹ̀ náà ń wò mí. Mo fojú inú rí i lórí ìlà yẹn láàárọ̀, tí ẹsẹ̀ ń ro ó.

"Mà, ẹ má ra irú rẹ̀," ni mo wí. "Mi ò fi ṣe iṣẹ́ ilé ìwé kankan rí."

Ìyá náà dúpẹ́ jẹ́jẹ́, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi dìde. Bí wọ́n ṣe jáde, mo kúnlẹ̀. Bàbá mi béèrè ìgbà tí mo ti mọ̀. Mo ní mo ti mọ̀ kí a tó wọkọ̀ lọ sí Ìkìrun. Wọn kò pariwo. Ì bá sàn fún mi kí wọ́n pariwo.

"Oṣù mẹ́ta ni mo fi kọ́ èyí tí kò wúlò," ni wọ́n wí. "Ṣé o rò pé mi ò lè fi oṣù mẹ́ta mìíràn kọ́ èyí tó wúlò ni?"

Wọn kò sì tún bi mí ní ohunkóhun nípa kọ̀ǹpútà mọ́ títí wọ́n fi jáde láyé. Èmi náà ti di abiyamọ báyìí. Bí àwọn ọmọ mi bá tètè dá mi lóhùn pé "bẹ́ẹ̀ ni, mà," ara máa ń fu mí, mo sì máa ń tún ìbéèrè náà bi wọ́n. Ọ̀wọ̀ ni mo pe ohun tí mo ṣe ní Ìkìrun, ọ̀wọ̀ náà sì ni gbogbo èèyàn á pè é. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé ni bàbá mi, èmi ọmọ wọn ni mo sì dá a pinnu lẹ́yìn wọn pé wọn kò lè kẹ́kọ̀ọ́ mọ́.