Géèmù Tí Táyọ̀ Yàn fún Ìyìn

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: àbúrò mi kì í ṣe òmùgọ̀. Ó mọ kọ̀ǹpútà tú, ó sì mọ̀ ọ́n tò padà. Tí láptọ́ọ̀pù bá kú mọ́ yín lọ́wọ́, tí gbogbo ayé ní kí ẹ lọ ra òmíràn, Akíntáyọ̀ á jókòó tì í títí yóò fi jí. Ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣiṣẹ́ kò jìnnà sí ilé wa ní Festac, orúkọ rẹ̀ sì ni àwọn oníbàárà máa ń pè tí wọ́n bá ti wọlé. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti kan Ìyìn nìkan ni ọpọlọ rẹ̀ máa ń gba ìsinmi.

Èmi ni Ẹ̀bùnlọlá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Irun ni mò ń ṣe jẹun. Àwa méjèèjì là ń gbé inú fúláàtì ìsàlẹ̀ tí àwọn òbí wa fi sílẹ̀ fún wa, ní klósì kan, títì kékeré tí kò já, lẹ́yìn Fourth Avenue. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe, ó sì ń bí mi nínú títí di òní.

Ìyìn ńkọ́? Ọmọ Raji Rasaki Estate ni. Ìjọ kan náà la jọ ń lọ, ẹgbẹ́ akọrin kan náà sì ni òun àti Táyọ̀ ti ń kọrin láti sẹ́kọ́ńdírì. Ó rẹwà, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó sì mọ èèyàn lò. Tí fóònù rẹ̀ bá bàjẹ́, Táyọ̀. Tí ìyá rẹ̀ bá fẹ́ kó ẹrù lọ sí Satellite Town, Táyọ̀ ni yóò wa mọ́tò bàbá wa lọ kó o. Tí ọkùnrin kan bá já a sílẹ̀, èjìká Táyọ̀ ló máa wá sunkún sí. Tí òmíràn bá sì ti dé, a ò ní gbúròó rẹ̀ mọ́, àfi tí nǹkan bá tún bàjẹ́. Ọdún ń gorí ọdún, ọmọ ìyá mi ò tíì sọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé, "Ìyìn, mo nífẹ̀ẹ́ ẹ."

Ọ̀rọ̀ náà sú mi. Mo ní, "Táyọ̀, dẹnu kọ ọmọ yìí, tàbí kó o fi í sílẹ̀. O ti di dẹ́rẹ́bà ìyá ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́."

Ó ní òun ti ṣètò ẹ̀. Òun máa pe Ìyìn àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn méjì, Dammy àti Ìkẹ́, wá sílé wa ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, kí wọ́n wá gbá géèmù. Tí gbogbo wọn bá ti rẹ́rìn-ín dáadáa, tí inú Ìyìn bá ti dùn, òun á sìn ín dé títì, òun á sì sọ ohun tó wà lọ́kàn òun fún un.

"Kí ló dé tí o ò kàn pè é lórí fóònù, kó o sọ ọ́?"

"Kò lè yé yín, Àǹtí mi."

Òótọ́ ni, kò yé mi. Àmọ́ gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ìdí láptọ́ọ̀pù ló máa jókòó sí, á máa wá géèmù tí kò wọ́n, tí èèyàn mẹ́rin lè jọ gbá, tí ẹni tí kò gbá géèmù rí máa mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìyìn ni ẹni tí kò gbá géèmù rí yẹn. Mo ní bọ́ọ̀lù ńkọ́? Ó ní èèyàn méjì ló máa gbá a, àwọn yòókù á máa wòran, Dammy á sì di páàdì tí wọ́n fi ń gbá a mọ́wọ́, kò ní gbé e sílẹ̀ mọ́. Eré ìje mọ́tò? Páàdì mẹ́rin ló fẹ́, méjì la ní, ọ̀kan nínú ẹ̀ sì máa ń yà sápá òsì fúnra ẹ̀. Ó rí ọ̀kan tí wọ́n ti jọ ń se oúnjẹ, ìyẹn wù mí, wọ́n sì ti já owó ẹ̀ wálẹ̀, àmọ́ ó ka ohun táwọn tó rà á kọ, wọ́n ní ó máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín tọkọtaya. Ó rí òmíràn tí apànìyàn kan fara pa mọ́ sáàárín àwọn yòókù. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń tà á. Ó ní òun ò fẹ́ kí Ìyìn máa fura sí òun lọ́jọ́ yẹn. Òmíràn wà tó jẹ́ pé kálukú ló máa ra tiẹ̀ sórí láptọ́ọ̀pù tiẹ̀. Mo ní, "Dammy wo ló fẹ́ ra nǹkan? Dammy tó ń tọrọ dátà lọ́wọ́ pásítọ̀?"

Ìgbà tó yá, ó rí èyí tó wù ú. Ẹnì kan ṣoṣo ló máa rà á. Ẹ máa gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n, kálukú á fi fóònù ẹ̀ wọlé. Géèmù yìí á dárúkọ ọ̀kan nínú yín, á bèèrè nǹkan nípa ẹ̀, ẹ̀yin á tẹ ìdáhùn yín ránṣẹ́. Ìdáhùn gbogbo á jáde lórí tẹlifíṣọ̀n láìsí orúkọ, ẹ ó sì dìbò fún èyí tó dùn jù. Kò wọ́n, kò fẹ́ páàdì, kò fẹ́ kọ̀ǹpútà olówó ńlá. Táyọ̀ rà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, inú ẹ̀ ń dùn bíi pé ilẹ̀ ló rà.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó ní ká jọ dán an wò. Géèmù náà kì í gba èèyàn méjì, ló bá gbé fóònù àtijọ́ màmá wa jáde, ó ń fi tiẹ̀ tẹ̀, ó ń fi ti màmá tẹ̀. A kọ ìdáhùn, a dìbò. Géèmù ní ká dúró wo èsì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú iná, tẹlifíṣọ̀n sì kú.

Mo ní, "Lọ tan jẹnẹrétọ̀, ká parí ẹ̀."

"Rárá o. Epo inú ẹ̀, ti Sátidé ni. N ò fẹ́ kí iná lọ mọ́ Ìyìn lójú nílé wa. Mo ti rí bó ṣe ń ṣiṣẹ́, Àǹtí mi. Èsì lásán ló kù."

Èsì lásán! Ọlọ́run ló mọ̀ pé mi ò bá a jiyàn. Mo lọ sùn.

Nígbà tí Sátidé dé, Táyọ̀ gbálẹ̀, ó nulẹ̀, ó fọ kẹ́tẹ́ẹ̀nì. Ṣẹ́ẹ̀tì tí Ìyìn sọ nígbà kan rí pé ó bá a mu, òun náà ló lọ̀, tó wọ̀. Èmi din pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ dé ni. Dammy ló kọ́kọ́ wọlé, ohùn ẹ̀ ti dé ṣáájú ẹ̀. Ìkẹ́ tẹ̀ lé e, àfẹ́sọ́nà Dammy ni, kò sí ọ̀rọ̀ tí Dammy máa sọ tí kò ní pa á lẹ́rìn-ín. Ìyìn ló kẹ́yìn, ó ń ta sánsán. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, "Ẹ káalẹ́, Àǹtí Ẹ̀bùn." Kó tó jókòó, ó ti na fóònù sí àbúrò mi.

"Táyọ̀, bá mi ki ṣájà bọ̀ ọ́, ó ti fẹ́ kú."

Táyọ̀ fa wáyà gba ẹ̀yìn àga, ó jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ Ìyìn kó lè máa tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń ṣájì. Lẹ́yìn náà ló dìde síwájú tẹlifíṣọ̀n bíi tíṣà, ó ń ṣàlàyé géèmù. Ó ní, "Ẹ kọ ohun tó bá wù yín. Kò sẹ́ni tó máa mọ ẹni tó kọ ọ́."

Ìyìn bi í, "Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Èmi fúnra mi ni mo dán an wò."

Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, mò ń ti ibẹ̀ wo tẹlifíṣọ̀n. Gẹ̀ẹ́sì ni géèmù ń sọ, àmọ́ ohun tó ń bèèrè ò le: tí ẹni báyìí bá jẹ́ nǹkan inú ilé, kí ni ì bá jẹ́? Dammy ló kọ́kọ́ kàn. Ẹnì kan kọ ọ́ pé ṣípíkà ni, pé ibi tí wọ́n ti ń dín ohùn ẹ̀ kù ti bàjẹ́. Ẹ̀rín pa wọ́n, Dammy náà rín. Ó kan Ìkẹ́, wọ́n ní dígí tí Dammy fi ń wo ara ẹ̀ ni. Ó kan Ìyìn. Ọ̀kan ní fíríìjì ni, ó tutù, ó sì ń jẹ iná. Ọ̀kan sì wà níbẹ̀ tó ní: "Fèrèsé tí atẹ́gùn tútù ń gbà wọlé."

Dammy dìde, ó fi ohùn pásítọ̀ kà á sókè. "Ẹ̀yin ará, káàdì ìgbéyàwó ta lẹ ti rí èyí?"

Ìyìn rín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó kọ ọ́ nílò ìdáǹdè."

Kò sẹ́ni tó dìbò fún fèrèsé. Mo wo Táyọ̀. Ó ń mu omi, bẹ́ẹ̀ omi ti tán nínú kọ́ọ̀pù yẹn.

Ó wá kan òun náà. Ìdáhùn mẹ́rin jáde. Ọ̀kan ní àpótí irinṣẹ́ ni. Ọ̀kan ní àga. Ọ̀kan ní redíò bàbá àgbà. Èyí tó kẹ́yìn ní: "Jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀yìnkùlé ló ń gbé. Tí wọn ò bá tíì mú iná, ta ló ń rántí ẹ̀?"

Háà! Dammy yọ́ bọ́ láti orí àga. Ìkẹ́ ń gbá itan. Àbúrò mi sì rín ju gbogbo wọn lọ, ó ń nàka sí Dammy. "Dammy, o ò ní dáa! Ìwọ lo kọ ọ́!"

"Mo fi Ọlọ́run búra, èmi kọ́!"

"Irọ́ ni! Ó dùn ṣá. Èmi gan-an ti dìbò fún un." Ó gbé fóònù ẹ̀ sókè kí wọ́n rí i.

Ìyìn ńkọ́? Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ń wo fóònù tiẹ̀.

Géèmù ní ká dúró wo èsì. Orin gòkè. Àwọn ìdáhùn bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá lọ́kọ̀ọ̀kan, orúkọ ẹni tó kọ ọ́ sì ń jáde lábẹ́ ẹ̀. Ṣípíkà: Ìkẹ́. Dígí: Táyọ̀. Mo rí i tí àbúrò mi dìde dúró, tó ń wá ibi tó máa tẹ̀ kó lè dá a dúró, kò rí i. Fèrèsé: Táyọ̀. Ẹ̀rín Ìkẹ́ já sí méjì. Jẹnẹrétọ̀: Ìyìn. Géèmù fi adé dé orúkọ náà lórí, ó ń da bébà aláràbarà sí i lára, torí òun ló gba máàkì jù. Gbogbo ìbò tí wọ́n lè dì ló wọlé fún un, ti Táyọ̀ náà wà níbẹ̀.

Orin géèmù ń lọ, inú géèmù ń dùn. Àwọn tó wà níjòókòó ò mọ ibi tí wọ́n máa wò.

Dammy ní, "Mo ṣáà sọ pé èmi kọ́."

Ẹ gbọ́ ohun tí Ìyìn sọ. Ó kọjú sí àbúrò mi, ó ń bínú! "Táyọ̀, kí lèyí? Ìwọ lo ní kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣé o fẹ́ dójú tì mí ni? Eré ni mò ń ṣe o."

Táyọ̀ ní, "Má bínú."

Òun ló ń bẹ̀ ẹ́! Mo kọrí sí pálọ̀ láti lọ kó pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù mi kúrò níwájú wọn, kí n sì ṣílẹ̀kùn fún wọn. Mi ò tíì rìn débẹ̀ tí wọ́n fi mú iná. Gbogbo ilé ṣókùnkùn. Fáànù ń rọra dúró.

Ló bá di pé a gbọ́ ohùn Ìyìn, ohùn tó fi ń kọ orin ìjọsìn, ó rọra jáde. "Táyọ̀, jọ̀ọ́. Fóònù mi ò tíì kún."

Mo pariwo nínú òkùnkùn. "Táyọ̀, jókòó! Ẹni tó bá fẹ́ iná, kó lọ sílé ẹ̀!"

Àmọ́ ìró sálúbàtà ẹ̀ ti ń bọ̀. Ó kàn mí lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, mo gbá a ní ṣẹ́ẹ̀tì mú. Ó rọra bọ́ ọwọ́ mi kúrò. "Ẹ jẹ́ kí n lọ, Àǹtí mi. Epo wà nínú ẹ̀."

Ó fa okùn, kò dáhùn. Ó tún un fà. Jẹnẹrétọ̀ bú, iná dé. Dammy, gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe láti kékeré, pariwo, "Up NEPA!" Ó dánu dúró, ó ronú, ó tún pariwo, "Up Táyọ̀!"

Ìkẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ìyìn kọ́kọ́ fẹ́ pa ẹ̀rín mọ́ra, kò lè pa á mọ́ra, òun náà bú sẹ́rìn-ín. Mò ń bẹ Ọlọ́run pé kí ariwo jẹnẹrétọ̀ má jẹ́ kí Táyọ̀ gbọ́. Ó gbọ́. Nígbà tó wọlé, epo ń rùn lọ́wọ́ ẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Up Táyọ̀!" Ó jókòó ti láptọ́ọ̀pù, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìpele kejì fún wọn.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, ó sin Ìyìn dé títì, òun ló bá a gbé báàgì. Kò pẹ́ tó fi padà. Mo ti pa jẹnẹrétọ̀, mo gbé fìtílà dání, mò ń dúró dè é.

"Ṣé o sọ fún un?"

"Ó ní géèmù yẹn dùn. Ó ní kí n tún pè wọ́n ní Sátidé tó ń bọ̀."

"Ìwọ wá sọ pé kí ni?"

Ó bọ́ bàtà ẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn, kò wo ojú mi.

"Mo ní màá ra epo."