Ìdọ̀bálẹ̀ Bàbá Mi ní Àgbàlá Ọ̀gá Sójà

Nígbà tí ìwé ìtàn mi gba ẹ̀bùn, tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní gbọ̀ngàn kan ní Lamordé, ní ìlú Niamey, mo dá aṣọ tuntun. Mo mọ ẹni tí yóò wá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí rẹ̀.

Ọmọ Yorùbá tó dàgbà sí Niamey, olú ìlú Niger, tí ẹnikẹ́ni ò kà kún ọmọ ìlú, ni ìwé náà dá lé. Àwọn oníròyìn bi mí bóyá èmi ni. Mo ní rárá. Irọ́ ni mo pa.

Àdúgbò Kalley ní Niamey ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni bàbá mi ti ń ta aṣọ. Ayé ìjọba sójà ni, owó yuréníọ̀mù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sì ń yọ níbi tí yanrìn wà tẹ́lẹ̀. Ní iléèwé, mo rí i pé ọmọ Zarma lè pe ọmọ Filani ní ẹrú òun, kí ọmọ Filani dá a padà fún un, kí gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Àwàdà àtayébáyé ló wà láàárín ẹ̀yà méjèèjì, wọn kì í bínú sí i. Ó wu èmi náà. Lọ́jọ́ kan mo pe ọmọbìnrin Zarma kan tá a jọ ń jókòó, ọmọ ọ̀gá sójà, ní ẹrú mi. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín; wọ́n ní Yorùbá ò sí nínú àwàdà náà. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà délé.

Wọ́n ránṣẹ́ pe bàbá mi, èmi náà sì tẹ̀ lé e. Bí a ṣe wọ àgbàlá ọ̀gá sójà náà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí yanrìn gbígbóná, ó ń bẹ̀bẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún ló ń ní kéèyàn dìde. Ọ̀gá sójà náà ò ní kó dìde. Wọ́n ń se tíì fún un lórí èédú, tíì wọn tí wọ́n ń sè lẹ́ẹ̀mẹta kó tó parí, ó sì mu ún parí. Bàbá mi ṣì wà nílẹ̀. Ọmọbìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí bàbá rẹ̀ wọlé lọ, ẹ̀ṣọ́ ló ní ká máa lọ. Bàbá mi gbọn yanrìn lára, kò sì bá mi wí. Ì bá bá mi wí, bóyá inú mi ì bá rọ̀.

Ẹ̀san ni mo fi ìwé náà gbà. Yanrìn, tíì, ẹ̀rín, gbogbo rẹ̀ ni mo kó síbẹ̀, débi pé ẹni tó bá mọ ilé náà yóò dá a mọ̀.

Ọmọbìnrin náà wá lóòótọ́, ó kó góòlù sọ́rùn, ó jókòó níwájú. Ibi ìdọ̀bálẹ̀ yẹn gan-an ni mo kà sókè, mo sì ń wò ó. Bí mo ṣe parí, ó dìde, ó fi Faransé sọ pé a jọ kàwé ni, pé bàbá òun ti darúgbó, àwọn aládùúgbò sì ń fi ìwé náà bú u. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n sọ fún gbogbo èèyàn pé àwàdà ni mo fi kọ ọ́.

Mo fi Zarma dá a lóhùn. "Lọ́jọ́ tí mo bá ọ ṣàwàdà, ẹ ní n ò sí lára àwọn tó lè bá yín ṣe é. Mo ti gbà. Kò sí àwàdà nínú ìwé mi."

Kò jókòó. Ó ń retí ọ̀rọ̀ kan sí i lẹ́nu mi. Mo gbé ife tíì tí wọ́n gbé síwájú mi, mo sì rọra ń mu ún.