Ìdájọ́ Tí Mo Dá Lórí Idán Agbóhùnlọ

Ẹni tó bá ń ṣe adájọ́ eré kì í bá wọn ṣeré. Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún mi nígbà tí mo gba iṣẹ́ náà. Eré àfẹnusọ ni: oníkálukú á di ẹnì kan nínú ìtàn, á sọ ohun tí ẹni náà fẹ́ ṣe, adájọ́ á sọ ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Àwọn yòókù á jókòó sí apá kan tábìlì, wọn á máa jiyàn, wọn á máa rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan á wà ní òdìkejì, lẹ́yìn páálí tí mo gbé dúró kí wọ́n má baà rí ìwé mi. Mo mọ ibi tí ejò ba sí, mo mọ ilẹ̀kùn tó ń tanni jẹ, mi ò sì gbọdọ̀ sọ.

Ọmọ òyìnbó kan ní Rayfield, ní Jos, ló kọ́ mi. Akọ̀wé ni bàbá mi lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń wa tánganran. Nígbà tí wọ́n ń kó lọ sílùú wọn, ọmọ náà kó gbogbo eré náà fún mi: ìwé mẹ́ta àti dáìsì olójú púpọ̀. Kò pẹ́ sígbà náà tí àwọn òbí tèmi náà kó padà sí Iléṣà. Mo di tíṣà, mo gba yàrá kan ní Rantya. Jos ni wọ́n bí mi sí. Iléṣà kàn jẹ́ ibi tí mo ti ń lọ kí wọn ni. Ká má parọ́, ọ̀sán ọjọ́ Àìkú nìkan ni mo máa ń gbọ́ ohùn èèyàn nínú yàrá yẹn, torí ìgbà náà la máa ń ṣeré.

Àwa mẹ́ta péré ni. Nọ́ọ̀sì kan, ọmọ Berom, ń gbé ní yàrá kejì. Òun ni jagunjagun nínú eré. Bọ̀dá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta bàtà lọ́jà, ni oṣó. Ó tó ọdún mẹ́wàá tó fi jù mí lọ. Haúsá la fi ń ṣeré nítorí nọ́ọ̀sì, àmọ́ tí èmi àti Bọ̀dá bá ti ń jà, a ti padà sí Yorùbá nìyẹn.

A sì ń jà. Ìwé á ní iṣẹ́ báyìí ni idán báyìí wà fún, ṣùgbọ́n ọlọ́jà ni Bọ̀dá, kò sí ohun tí kì í ná. Ó ti fi idán tó ń mú irin gbóná se ẹ̀wà rí. Ó ti fi idán ìmọ́lẹ̀ sí ìdí ewúrẹ́ kan, ó lé e wọnú ihò àwọn ọ̀tá, gbogbo wọn sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Òfin mi ni pé ẹni tó bá fẹ́ lo idán lọ́nà tí ìwé kò sọ, kó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí ẹni ń tajà. Màá gbọ́ tẹnu ẹnì kejì pẹ̀lú, torí agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Bí mo bá ra ọjà náà, ó di ṣíṣe. Bí mi ò bá rà á, kò sẹ́bẹ̀. N kì í ṣègbè, n kì í sì í yí ohùn padà. Ohun tí mo fi ń ṣe fọ́ńté nìyẹn, torí mi ò ní nǹkan mìíràn tí ẹnikẹ́ni lè tìtorí rẹ̀ bọ̀wọ̀ fún mi.

Ní Sátidé kan, bàbá àgbàlagbà kan lára àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ wá bá mi nílé. Dírẹ́bà kan ti mú ìròyìn wá pé ìyá Bọ̀dá kú lọ́jọ́bọ̀. Nílẹ̀ wa, a kì í la irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ ọmọ lórí nígbà tó ṣì wà lọ́nà jíjìn. Wọ́n á ní ara Màmá kò fi bẹ́ẹ̀ yá, ó ní kó wá rí òun. Ìgbà tó bá dẹ́nu ọ̀nà ilé ni yóò tó mọ̀.

"Àárọ̀ Mọ́ńdè la máa sọ fún un pé Màmá ń pè é," bàbá náà wí. "Ìwọ lo máa bá a lọ, torí ìwọ ló fẹ́ràn. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kó mọ̀."

"Mo gbọ́, sà."

Lọ́jọ́ kejì Bọ̀dá gbé kúlíkúlí dé bó ṣe máa ń ṣe. Bí mo bá ní a ò ní ṣeré, á fura. A jókòó.

Oṣó rẹ̀ àti jagunjagun ti já sínú kòtò kan, omi sì ń kún un. Idán kan ló kù fún oṣó: agbóhùnlọ, èyí tó ń gbé ohùn ẹni lọ bá ẹni téèyàn mọ̀, bó ti wù kó jìnnà tó, tó sì ń gbé èsì padà wá. Bọ̀dá fọwọ́ ra irùngbọ̀n.

"Àbúrò, gbọ́ ọjà mi. Oṣó yìí ò já bọ́ látọ̀run, ìyá ló bí i. Màmá ẹ̀ wà lábúlé. Mo fẹ́ ránṣẹ́ sí i, kó ní kí wọ́n gbé okùn wá."

Ọjà gidi ni. Lọ́jọ́ mìíràn ǹ bá ti rà á kó tó sọ tán. Ṣùgbọ́n adájọ́ ló ń fọhùn fún gbogbo ẹni tó wà nínú ayé eré yẹn, ọba, olè, iwin. Bí mo bá ní idán náà ṣiṣẹ́, èmi ni màá di màmá yẹn. Èmi ni màá la ẹnu, tí màá pe Bọ̀dá lọ́mọ mi.

"Kò ṣeé ṣe," ni mo wí.

"Haba! Kí ló dé?"

"Ohùn náà lọ. Kò bá ẹni tó máa gbà á."

Mo rò pé bí adájọ́ ni mo ṣe sọ ọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀. Bọ̀dá wo ojú mi, èmi wo ìwé. Ọmọ ilẹ̀ wa ni òun náà. Ó ti bá wọn fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pamọ́ fún ọmọ ẹlòmíràn rí.

"Ta ló wá bá ẹ?"

Mo ṣí ojú ìwé mìíràn.

"Ọjọ́ wo ni?"

"Ọjọ́bọ̀."

Nọ́ọ̀sì, tí kò gbọ́ Yorùbá, wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Me ya faru?" ló ń bi wá, kí ló ṣẹlẹ̀, ṣé oṣó ti kú ni?

Bọ̀dá kó dáìsì rẹ̀ sínú páálí tí a ń kó wọn sí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó jáde. Òun nìkan ló wọkọ̀ lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kò jẹ́ kí n tẹ̀ lé òun. Bàbá àgbàlagbà yẹn bú mi títí ó fi rẹ̀ ẹ́, mo sì gbà pé mo jẹ̀bi. Nígbà tí Bọ̀dá dé, ó ń dáhùn ìkíni mi dáadáa, kò kàn wá mọ́ ni. Wọ́n gbé nọ́ọ̀sì lọ sí ìlú mìíràn. Ọjọ́ Àìkú di ọjọ́ tí mò ń fọ aṣọ. Ìdáwà yẹn dùn mí, ó dùn mí gan-an ni, kò sì sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún.

Ó tó ọdún mẹ́ta kí n tó láyà láti lọ bẹ̀ ẹ́. Mo bá a ní ìsọ̀ rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ sáàárín bàtà. Mo ní kó foríjì mí pé mo jẹ́ kó mọ̀ kó tó délé.

"Ìyẹn kọ́," ó wí. Ó ń fi àkísà nu bàtà ọmọdé kan. "Mo kúkú máa mọ̀ náà ni. Àmọ́ mi ò tíì mọ̀ nígbà tí mo ránṣẹ́ sí i nínú eré lọ́jọ́ yẹn. Ẹnu ẹ ni Màmá wà. Ò bá ti jẹ́ kó dá mi lóhùn."