Bàbá Alágboòrùn àti Orúkọ Tí Ẹnu Ò Lè Pè

Títí dòní, bí ọ̀rọ̀ Bàbá Alágboòrùn bá délẹ̀ ládùúgbò wa, ọjọ́ tó gbé màmá tòun tàga lọ sí ọ́fíìsì ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ sọ. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni màmá yìí, arúgbó kùjọ́kùjọ́, òun nìkan ló sì kù nínú àwọn tó fojú rí bàbá-bàbá rẹ̀. Màmá ní òun ò ní wọ ọkọ̀, pé ọkọ̀ máa ń kọ́ òun lóòyì. Bàbá ò bá a jiyàn. Ó so agboòrùn mọ́ ẹ̀yìn àga tí màmá fi ń gba atẹ́gùn níwájú ilé, ó pe bíríkìlà ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀kan di iwájú mú, èkejì di ẹ̀yìn mú, ó di ọ̀nà. Màmá jókòó lókè lọ́hùn-ún, ó ń kí ọ̀tún, ó ń kí òsì. Ẹnì kan bi wọ́n lójú ọ̀nà pé ṣé màmá ń kó lọ sílé tuntun ni. Màmá ní bẹ́ẹ̀ ni, pé àga ló ṣáájú, ẹrù yòókù ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ọ́fíìsì aṣojú orílẹ̀-èdè tí bàbá-bàbá rẹ̀ ti wá ni wọ́n ń lọ. Nǹkan kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ gbọ́ lẹ́nu màmá níbẹ̀: orúkọ bàbá náà. Akọ̀wé tó wà lójú fèrèsé, obìnrin kan tó fi okùn so gíláàsì ojú rẹ̀ kọ́rùn, na ọrùn síta.

"Màmá, ẹ kú àárọ̀. Kí ni orúkọ bàbá ọkọ yín?"

"Bàbá wa ni."

"Mo mọ̀ pé bàbá yín ni, mà. Orúkọ wọn ni mo ń bèèrè."

"Bàbá náà la máa ń pè wọ́n."

"Orúkọ tí àwọn òbí wọn sọ wọ́n ńkọ́?"

"Èmi kọ́ ni òbí wọn."

Bàbá Alágboòrùn bẹ̀rẹ̀ mọ́ màmá létí. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣebí a ti sọ ọ́ nílé."

"Ohun tá a sọ ni pé màá wá. Mo sì ti wá." Màmá wá kọjú sí akọ̀wé. "Ọmọ mi, ṣé o ti lọ́kọ?"

"Mo ti lọ́kọ, mà."

"Bàbá ọkọ rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà láàyè, mà. A dúpẹ́."

"Ó dáa. Pè wọ́n lórúkọ ká gbọ́."

Akọ̀wé yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó wo òkè, ó wo tábìlì. Gbogbo àwọn tó tò sórí ìlà sún mọ́ fèrèsé, wọ́n fẹ́ mọ ibi tó máa já sí. Akọ̀wé ní, "Bàbá, ẹ rọra máa gbé màmá lọ sílé, oòrùn ti ń mú."

Agboòrùn ni bàbá yìí ń tún ṣe. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ há débi pé bí oníbàárà bá wọlé, òun á jáde síta. Irin agboòrùn ló kún ibẹ̀, òmíràn rọ̀ lókè, òmíràn wà nínú garawa, aṣọ agboòrùn dúdú sì wà káàkiri bí aṣọ tí wọ́n sá tí kò gbẹ. Kò sí èyí tó bàjẹ́ kọjá àtúnṣe lójú tirẹ̀. Obìnrin kan gbé ọ̀pá lásán wá nígbà kan, kò sí irin, kò sí aṣọ, ọwọ́ ìdìmú rẹ̀ ti sọnù. Bàbá yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní, "Èyí ò le. Ọ̀pá rẹ̀ ti wà ńlẹ̀."

Ohun tó ń dùn ún kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Bàbá-bàbá rẹ̀ wá síbí ní ọ̀dọ́, ó fẹ́yàwó síbí, ó bímọ síbí, ó kú síbí. Síbẹ̀, nígbà tí Bàbá Alágboòrùn lọ gba ìwé ìdánimọ̀, wọ́n ní ọmọ àjèjì ni, kó lọ bá àwọn èèyàn rẹ̀. Ó lọ bá àwọn èèyàn rẹ̀, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́n rí. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń wá ibi ìbòrí fún gbogbo àdúgbò ò ṣe rí ìlú kan tó máa bo òun alára.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí. Ọmọ náà ti gba ẹ̀yìn wọ ìlú bàbá-bàbá wọn yẹn lọ láìní ìwé, ó ń fọ aṣọ ní òtẹ́ẹ̀lì, ó sì ti bí ọmọ síbẹ̀. Bó bá jáde, wọn ò ní jẹ́ kó wọlé mọ́. Bàbá rẹ̀ náà ò ní ìwé ìrìnnà tó lè fi lọ bá a. Inú fóònù ni bàbá ti ń rí ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà gbà pé inú fóònù ni bàbá àgbà òun ń gbé, ó sì máa ń fi bisikíìtì há a lẹ́nu, títí fóònù ìyá rẹ̀ fi kún fún èérún.

Ìdí nìyí tí ara bàbá ò fi balẹ̀ mọ́ nígbà tí òfin tuntun jáde lọ́hùn-ún, pé ẹnikẹ́ni tó bá lè fi hàn pé ọmọ ìlú àwọn ni bàbá-bàbá òun, kó wá gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ padà, òun àti ọmọ tó bí. Bí òun bá rí i gbà, ọmọ òun rí i nìyẹn. Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Nínú ìdílé wọn, ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ, ọmọ kì í pe bàbá, ìyàwó ilé ò sì gbọ́dọ̀ pe ẹnikẹ́ni tó bá nílé. Gbogbo ayé mọ bàbá náà, kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ rẹ̀. Bàbá tó bí Bàbá Alágboòrùn gan-an ti kú nígbà tí òun wà ní kékeré.

Ìwé ìbí bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ wá rí. Ìyá-bàbá rẹ̀ ló gbé ọmọ lọ forúkọ sílẹ̀ láyé ọjọ́un, nítorí ọkọ rẹ̀ wà níbi iṣẹ́. Akọ̀wé ìgbà yẹn bi í léèrè pé ta ni bàbá ọmọ. Ó ní, "Olówó orí mi." Akọ̀wé ò jàfara, ó kọ ọ́ síbi tí orúkọ bàbá yẹ kó wà. Obìnrin onígíláàsì ka ìwé náà, ó tún un kà, ó ní, "Bàbá, a ò ní ẹni tó ń jẹ́ Olówó Orí Mi nínú ìwé wa."

Ó sáré lọ sí ibojì, ó ní kí wọ́n ya fọ́tò òkúta rẹ̀ fún òun. Ohun tó wà lórí òkúta ni: Bàbá wa rere, ẹ sùn re.

"Òkú ta nìyí?" ni akọ̀wé bèèrè.

"Òkú bàbá wa."

"Orúkọ wọn ò sí ńbẹ̀."

"Ṣé kí ọmọ máa pe bàbá rẹ̀ lórúkọ, kí ó sì tún wá kọ ọ́ sórí òkúta?"

Orúkọ ìdílé wọn náà ò ran nǹkan lọ́wọ́. Ará Òkèèrè ni, ìnagijẹ tí àwọn ará àdúgbò fún bàbá náà nígbà tó dé. Akọ̀wé ní nílùú tí wọ́n ti bí i, kò sẹ́ni tó máa pè é bẹ́ẹ̀, nítorí níbẹ̀, ará ilé ni. Bàbá ní òun ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ tó sì tún le tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má rò pé ó jáwọ́. Bàbá yìí máa ń ná ohun tí ẹnikẹ́ni kì í ná. Ìwé ẹ̀rí mẹ́ta ni wọ́n ń gbà lójú fèrèsé, ó ní kí wọ́n gba ọ̀kan tó dára lọ́wọ́ òun. Akọ̀wé ní mẹ́ta ni. Ó ní kó jẹ́ ọ̀kan àbọ̀.

"Bàbá, báwo ni ìwé ṣe máa jẹ́ àbọ̀?"

"Àbọ̀ kan wà nílé," ó ní, "eku ló jẹ ìyókù."

Nítorí ìlà tó gùn ní ọ́fíìsì yìí ló ṣe rán agboòrùn púpọ̀ pọ̀ mọ́ra di ọ̀kan, kí oòrùn má baà pa àwọn èèyàn. Nígbà tó ṣí i, ó fẹ́ẹ̀ bo ojú pópó. Gbogbo èèyàn sá sábẹ́ rẹ̀, wọ́n ń yìn ín. Afẹ́fẹ́ ìrọ̀lẹ́ bá dé. Ó gbé agboòrùn, ó gbé bàbá tó di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó gbé àwọn tó rọ̀ mọ́ bàbá, ó sì fi gbogbo àwọn tó wà níwájú ìlà sílẹ̀ lẹ́yìn ìlà. Àwọn tó wà lẹ́yìn tẹ́lẹ̀ ní àwọn ò rí oníṣẹ́ ọwọ́ bí bàbá yìí rí.

Màmá ni gbogbo rẹ̀ wá dá lé lórí. Nígbà tí wọ́n gbé e ti ọ́fíìsì dé, bàbá ní bí màmá ò bá lè pe orúkọ náà, kó ṣáà mi orí bí òun bá pè é bọ́ sí i. Ó jókòó tì í lọ́sàn-án, ó ń ka orúkọ ọkùnrin jáde lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, màmá ń mi orí. Inú bàbá dùn. Ìgbà tí màmá mi orí sí orúkọ bíríkìlà ni bàbá tó mọ̀ pé ó ti ń tòògbé tipẹ́.

Ọjọ́ tí màmá bá wọn níbi tí ọmọ-ọmọ ti ń fún fóònù ní bisikíìtì ni ọ̀rọ̀ yí padà. Màmá wò ó títí.

"Ta ló ń fún lóúnjẹ yẹn?"

"Èmi ni, màmá."

"Kò mọ̀ pé o ò lè jẹ ẹ́?"

"Kò mọ̀."

Màmá fi ìdí aṣọ nu ojú. Ó ní kí wọ́n gbé òun lọ sí ibojì bàbá ọkọ òun, òun fẹ́ tọrọ ààyè lọ́wọ́ wọn. Bàbá àti bíríkìlà tún gbé àga. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, màmá kúnlẹ̀, ó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó dẹ etí, ó tún sọ̀rọ̀.

"Kí ni wọ́n wí, màmá?"

"Wọ́n ní àwọn gbọ́. Wọ́n ní kí n ṣe sùúrù."

"Ẹ bá mi ná an, màmá. Ẹ ní kí wọ́n dín sùúrù yẹn kù."

Màmá rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ọ̀sẹ̀ yẹn ṣáà parí, òun á sọ ọ́ sí i létí, òun ò ní pariwo rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ ò parí tí àìsàn fi gbé e dè, ahọ́n rẹ̀ ò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Bàbá gbé etí lé ẹnu rẹ̀ títí ó fi dákẹ́. Èémí nìkan ló gbọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, bíríkìlà ní kó tiẹ̀ bínú sí màmá díẹ̀, ó lè fúyẹ́ lára rẹ̀. Bàbá ní, "Báwo ni mo ṣe máa bínú sí ẹni tó bọ̀wọ̀ fún bàbá wa tó báyẹn?" Ó gbé àga màmá lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Kò jẹ́ kí oníbàárà kankan jókòó lé e.

Síbẹ̀ ó ń lọ sórí ìlà. Ara rẹ̀ ti ń fà sẹ́yìn nígbà yẹn. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, kó sinmi. Ó ní kí dókítà jẹ́ kí ọkàn náà ṣì máa ṣiṣẹ́ títí ìwé òun á fi jáde, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n lè jọ sinmi. Nígbà tó débi fèrèsé lọ́jọ́ tó lọ kẹ́yìn, akọ̀wé wò ó tàánútàánú.

"Bàbá, kò tún sí ohun tí ẹ lè mú wá mọ́ o."

"Mo mọ̀. Agboòrùn yín ni mo wá gbà. Mo rí i lọ́jọ́sí pé irin kan ti yọ lára rẹ̀."

Nígbà tí akọ̀wé wá gba agboòrùn rẹ̀, orí àga màmá ló ti bá bàbá. Ó ti tún un ṣe tán, ó dì í dáadáa, ó gbé e lé itan. Ó ti kú.

Ìwé kankan ò jáde. Ọmọ rẹ̀ wà lọ́hùn-ún, kò lè wá sìnkú bàbá rẹ̀. Inú fóònù tí bíríkìlà gbé dání lẹ́bàá ibojì ló ti ń sunkún. Bíríkìlà ló mọ òkúta ibojì, sìmẹ́ńtì rẹ̀ ò tíì gbẹ, ó mú ìṣó láti fi kọ̀wé sí i. Ó ní, "Bàbá wa rere, àbí?"

"Rárá," ni ọmọ náà ké láti inú fóònù. "Ẹ kọ orúkọ wọn. Ọmọ mi ò gbọ́dọ̀ wá orúkọ bàbá àgbà rẹ̀ kiri bí bàbá mi ṣe wá ti bàbá àgbà wọn."

"Orúkọ wo?" ni bíríkìlà bèèrè.

Gbogbo wa wo ara wa. Bàbá Alágboòrùn la mọ̀. A kọjú sí akọ̀wé tó bá wa wá sìnkú, nítorí òun ti kọ orúkọ bàbá sórí fáìlì àìmọye ìgbà. Ó la ẹnu. Ó tún un pa dé. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, kò jáde."

Inú fóònù la ti gbọ́ ọmọ rẹ̀ tó ní, "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí." Ó sì pe orúkọ náà tán látòkè délẹ̀. Ọmọ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó ń pè é léraléra bí ẹni ń kọrin, kò sẹ́ni tó bá a wí.

Bíríkìlà fi ojú wọn òkúta. "Ó gùn. Ṣé ká gé e díẹ̀?"

"Ẹ kọ gbogbo rẹ̀. Bí àyè ò bá sì tó, ẹ lọ mọ òkúta tó tóbi."

A bú sẹ́rìn-ín pẹ̀lú omi lójú, nítorí ohùn bàbá rẹ̀ la gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ yẹn. Bíríkìlà kọ gbogbo rẹ̀. Bó ti ń parí lẹ́tà tó kẹ́yìn ni òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Akọ̀wé ṣí agboòrùn rẹ̀, gbogbo irin rẹ̀ pé. Kò fi bo orí ara rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi bo orúkọ náà, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ nínú òjò títí sìmẹ́ńtì fi gbẹ.