Ọjọ́ Tí Ìyá Ìjọ Kọ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa

Mo rántí ìgbà tí ajíhìnrere kan wá ṣe ìsọjí ní ìjọ Onítẹ̀bọmi wa ní Ìníṣà. Ohùn rẹ̀ dùn, ó sì ń sunkún bó ṣe ń wàásù. Èmi díákónì tuntun, àmín tèmi ló ń dún jù, àfi bí ẹni pé ìdíje ni. Ó ní oore-ọ̀fẹ́ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá gba ààwẹ̀ gbígbẹ, èyí tí a kì í fẹnu kan omi rárá, kò tíì rí ìgbàlà. Mo tún ké “Àmín!” Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ Ìyá Ìjọ wa lára, opó tí ìtọ̀ ṣúgà ń bá fínra, tí dókítà ní Ìkìrun ti kìlọ̀ fún pé wọn ò gbọdọ̀ febi panú.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, a jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Èmi ni mo gbé àwo búrẹ́dì dé iwájú Màmá. Ètè wọn ti gbẹ, wọn ò nawọ́ sí i.

“Gbé e kọjá, ọmọ mi. Mo gbìyànjú ààwẹ̀ náà, òyì gbé mi ṣubú. Mi ò tíì rí ìgbàlà.”

Áà! Ẹni tó kọ́ mi ní Bíbélì láti kékeré! Mo yíjú sí Pásítọ̀ lórí pẹpẹ. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n jókòó ti Màmá.

“Màmá, nígbà tí ẹ bí àkọ́bí yín, iṣẹ́ wo ló ṣe kí ẹ tó fún un lọ́mú?”

“Iṣẹ́ kẹ̀, Pásítọ̀? Ọmọ ọwọ́? Ó ṣáà ké ni.”

“Ẹ̀yin náà ti ké. Jésù ti ṣe iṣẹ́ yòókù tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ.”

Màmá mú búrẹ́dì, omijé ń bọ́ lójú wọn. Èmi náà ń sunkún pẹ̀lú àwo lọ́wọ́.

Àgbà kì í wà lọ́jà, kórí ọmọ tuntun wọ́. Lọ́jọ́ náà gan-an ni Pásítọ̀ àti àwọn àgbà ìjọ pe ajíhìnrere náà, wọ́n ṣí Bíbélì síwájú rẹ̀. Ààwẹ̀ dára, wọ́n ní, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń ra ìgbàlà. Ó yarí kanlẹ̀. Wọn ò jẹ́ kó gun pẹpẹ wa mọ́.

Màmá ṣì wà láyé, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń lo oògùn. Èmi ni mo ń kọ́ kíláàsì ìrìbọmi báyìí, n kì í sì í yára ṣe àmín mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọge kan béèrè pé kí lòun máa ṣe kí Ọlọ́run tó lè gba òun. Kí n tó lanu, Màmá ti dáhùn láti ẹ̀yìn:

“Ṣáà ké pè é, ọmọ mi.”

Àmín tí mo ṣe lọ́jọ́ náà, bóyá wọ́n gbọ́ ọ ní Ìkìrun.