Àtẹ́lẹsẹ̀ Aránbàtà

Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni. Bàtà ló ń rán. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti ń rán an nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún ò fẹ̀. Tó bá jókòó tó na ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ á kan ògiri. Tó na ti òsì, á kan ògiri kejì. Bàbá Oníṣòó làwọn oníbàárà ń pè é, torí pé ẹnu ló ń kó ìṣó sí tó bá ń ṣiṣẹ́. Ìṣó mẹ́wàá, méjìlá, láàárín ètè. Á máa fi ahọ́n tì wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa kàn wọ́n mọ́ gìgísẹ̀ bàtà. Kò gbé ọ̀kan mì rí. Ó máa ń fi yangàn pé, "Ẹnu mi ò dà mí rí."

Ó dà á lẹ́ẹ̀kan. Kì í sì ṣe ìṣó ló wà nínú ẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ìtọ̀ ṣúgà ti ń bá a fínra láti ọdún mẹ́jọ. Oògùn ń bẹ, ó ń lò ó. Àmọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ ti kú. Ó ń fi rìn o, kò rọ. Ṣùgbọ́n tí èèrà bá ta á níbẹ̀, kò mọ̀. Tó bá tẹ ẹyin iná, kò mọ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ẹ̀ ò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

"Bàbá, ẹsẹ̀ yín ò lè ké mọ́. Ojú ló máa bá a ké. Ojoojúmọ́ ni kí ẹ máa wò ó. Àtẹ́lẹsẹ̀, gìgísẹ̀, àárín ọmọ ìka. Kí ẹ sì máa gbọn bàtà yín kí ẹ tó wọ̀ ọ́."

"Ojoojúmọ́ kẹ̀? Bí ẹni ń gbàdúrà?"

"Bí ẹ bá fo àdúrà, Ọlọ́run á dárí jì yín. Ẹsẹ̀ ò mọ ìdáríjì."

Bàbá níkùn. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ò gun orúnkún mọ́, ojú ẹ̀ náà ò sì rí bíi tàtijọ́. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara ẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ ló gba iṣẹ́ náà ṣe.

Ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀ ni ìyàwó ti ń lọ aṣọ. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń wá àbàwọ́n lọ́rùn ṣẹ́ẹ̀tì àwọn oníbàárà. Ojú yẹn náà ló ń gbé bọ̀ wálé. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n tó jẹun, á fa àpótí ìjókòó jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á wọ gíláàsì, á gbé ẹsẹ̀ ọkọ ẹ̀ lé itan, á máa yí i síbí, á máa yí i sọ́hùn-ún. Tó bá parí, á gbá a lẹ́sẹ̀ pẹ́, á ní, "Ó mọ́." Wọ́n á sì jẹun.

Ọdún mẹ́jọ nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló rí nǹkan níbẹ̀. Bàtà bó o lẹ́ẹ̀kan, gìgísẹ̀ sán lẹ́ẹ̀mejì. Ó fọ̀ ọ́, ó dì í, ó jinná kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Kò sẹ́ni tó rántí wọn mọ́.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, ẹ̀gbọ́n ìyàwó àti aya ẹ̀ wá kí wọn. Wọ́n jókòó ní pálọ̀, ẹ̀fẹ̀ ń lọ. Ẹ̀gbọ́n ní, "Àna, ara yín mà le sí i. Kí làbúrò mi ń fún yín jẹ?"

Bàbá fẹ́ pa wọ́n lẹ́rìn-ín. "Jẹ kẹ̀? Ṣé àbúrò yín ń wo ojú mi mọ́ ni? Ẹsẹ̀ ló ń wò. Ìrọ̀lẹ́ ò ní lọ lásán kó má gbé e lé itan, kó máa tú u wò bí ẹni fẹ́ ra ẹja tó ti ń rùn. Ìyàwó ni mo rò pé mo fẹ́. Àṣé alágbàfọ̀ ni. Ó kù kó ri mí bọ omi gbígbóná!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ìyàwó náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ eyín nìkan ló fi rín in.

Ẹnu ẹyẹ ní ń pa ẹyẹ. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá na ẹsẹ̀ sílẹ̀, ó ń dúró. Àpótí ò jáde. Oúnjẹ ni ìyàwó gbé síwájú ẹ̀.

"O ò ní wò ó ni?"

"Kí ni kí n wò? Ẹja?"

"Háà. Ẹ̀fẹ̀ mà ni mo ṣe."

"Èmi náà ń ṣẹ̀fẹ̀. Ẹni tó lẹ́ja ní í wo ẹja ẹ̀, olówó orí mi."

Ká ní ó sọ pé "Má bínú" lálẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ti tán. Ọ̀rọ̀ méjì péré. Ó gbé e dé ètè bí ìṣó, ó sì dá a padà.

Lọ́jọ́ kejì, ó tẹ́ dígí sílẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ sókè lé e lórí. Ohun tó rí ò yàtọ̀ sí kùrukùru. Ó gbá ara ẹ̀ lẹ́sẹ̀ pẹ́, ó sì gbóhùn sókè kí ẹni tó wà ní kíṣìnnì lè gbọ́: "Ó mọ́!" Ẹni kíṣìnnì ń fọ abọ́ lọ. Lọ́jọ́ kẹta, kò tẹ́ dígí mọ́, ó kàn ní, "Ó mọ́." Lọ́jọ́ kẹrin, kò sọ nǹkan kan.

Wọn ò yan ara wọn lódì o. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ omi ẹ̀rọ tí kò yọ, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọmọ wọn tí kò pè. Ẹsẹ̀ nìkan ni wọn ò dárúkọ. Bàbá rò pé tó bá di ọ̀la, ìyàwó á fa àpótí jáde. Ìyàwó rò pé tó bá di ọ̀la, ọkọ òun á bẹ òun. Ọ̀la ọ̀hún ò dé.

Bàtà tí Bàbá fúnra ẹ̀ ń wọ̀, kò tún un ṣe láti ìgbà pípẹ́. Ìsàlẹ̀ ẹ̀ ti fẹ́lẹ́ bíi bébà. Lọ́jọ́ karùn-ún, bó ṣe ń kan gìgísẹ̀ mọ́ bàtà oníbàárà kan, ikọ́ gbé e, ìṣó kan bọ́ lẹ́nu ẹ̀. Ó gbọ́ tó ró tín-ín lórí símẹ́ǹtì. Ìṣó kúkúrú tí orí ẹ̀ fẹ̀ ni. Irú ìyẹn, tó bá bọ́, òkè lẹnu ẹ̀ máa ń wò. Ó wò ó yíká, kò rí i. Ó ní òun á gbálẹ̀ lọ́la.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó rí nǹkan tútù nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ó fi àkísà nù ún, ó rò pé gúlúù ló dà. Nígbà tó di ọ̀sán, onígbàjámọ̀ fi ara ti ilẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu bó ṣe máa ń ṣe.

"Bàbá Oníṣòó! Aránbàtà tí bàtà ẹ̀ ń tọ̀ sílẹ̀!"

"Gúlúù ni, ìwọ aláìníṣẹ́."

"Gúlúù wo ló ń tẹ̀ lé yín kiri? Ẹ wẹ̀yìn yín ná."

Bàbá wẹ̀yìn. Àmì róbótó róbótó, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí àga, ọ̀kan fún ìṣísẹ̀ kan. Ẹsẹ̀ òsì nìkan.

Ó jókòó, ó bọ́ bàtà. Ìbọ̀sẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ara, ó fà á kó tó bọ́. Òórùn gba inú ṣọ́ọ̀bù kan. Onígbàjámọ̀ yà sí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ó mú dígí tó fi ń han oníbàárà ní ìpàkọ́ wọn wá, ó kúnlẹ̀, ó gbé e sábẹ́ ẹsẹ̀ náà.

"Ẹ wò ó, Bàbá."

Dígí onígbàjámọ̀ mọ́ ju tilé lọ. Nísàlẹ̀ àtàǹpàkò ẹsẹ̀, ihò kan wà níbẹ̀, etí ẹ̀ funfun, inú ẹ̀ dúdú. Àtàǹpàkò ọ̀hún ti ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, pípọ́n náà sì ti gun ẹ̀yìn ẹsẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ bàtà. Ìṣó wà níbẹ̀, ó yọrí bí eyín ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu. Kò béèrè ẹni tó ni ín.

"Ó tó ọjọ́ mélòó tí ẹ ti ń rìn lórí ẹ̀?"

"Mi ò mọ̀."

"Kò sì dùn yín?"

"Ká ní ó dùn mí ni, ǹ bá ṣọpẹ́."

Onígbàjámọ̀ ti ṣọ́ọ̀bù méjèèjì, ó gbé e lọ sí ọsibítù, ó sì pe ìyàwó lórí fóònù. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ẹ̀ náà ni wọ́n bá níbẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ náà títí, ó gbójú sókè.

"Ta ló ń wò ó nílé?"

Ìyàwó ti dé ẹnu ilẹ̀kùn, ooru áyọ́ọ̀nù ṣì wà lára aṣọ ẹ̀. Ó rọrùn fún Bàbá láti sọ pé ìyàwó òun ló kọ̀. Òótọ́ ni ìbá sì jẹ́.

"Èmi ni," ó ní. "Èmi ni mò ń sọ pé ó mọ́."

"Irọ́ ni wọ́n ń pa," ni ìyàwó wí. "Iṣẹ́ mi ni. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mi ò fi ojú kàn án."

"Ìwọ kọ́. Ẹnu mi ni."

"Ẹ jọ̀ọ́," nọ́ọ̀sì ní, "ẹ máa pín ẹ̀bi tó bá yá."

Dókítà dé. Ó ní àtàǹpàkò á kúrò láàárọ̀ ọ̀la, ìyẹn ti parí. Ó wá yọ bírò, ó fa ìlà yí ibi tó pọ́n lẹ́yìn ẹsẹ̀ ká. "Tí kò bá kọjá ìlà yìí kílẹ̀ ọ̀la tó mọ́, àtàǹpàkò nìkan la máa gé. Tó bá kọjá, ibí la máa gé e." Ó fi ọwọ́ kan ìsàlẹ̀ orúnkún Bàbá.

Àárín orúnkún ni Bàbá ń há bàtà sí tó bá ń rán an, ẹsẹ̀ méjèèjì á sì tẹ ilẹ̀ gírígírí. Kò mọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà rán bàtà.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ìyàwó fa àga ọsibítù súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó wọ gíláàsì. Ó gbé ẹsẹ̀ náà lé itan.

"Má bínú," Bàbá ní.

"Ẹ má gbọ̀n. Ẹ jẹ́ kí n ríran."

Ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Bàbá ń retí kó gbá òun lẹ́sẹ̀ pẹ́. Kò gbá a.

"Kò tíì kọjá ìlà," ó ní. Ó tún tẹjú mọ́ ọn. "Ó ti kan ìlà lápá kan."

Ó gbé ẹsẹ̀ náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó fọwọ́, ó bó ẹyin sísè kan fún un. Ẹyin yẹn ni Bàbá jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, pẹ̀lú ìdajì búrẹ́dì pẹlẹbẹ kan. Kò lè jẹ ìdajì kejì.